Ohun Tó Léfòó Lójú Omidùn

Kò sí májèlé nínú ìgò náà.

Insipẹ́kítọ̀ Adédoyin ka èsì àyẹ̀wò tó ti Adó dé, ó tún un kà, ó sì jù ú sórí tábìlì. Ìgò tí gbogbo ìlú Ìdó-Ilé ń ṣépè fún wà níwájú rẹ̀: ìgò onígíláàsì tí omi funfun bí omi ìrẹsì wà nínú rẹ̀, tí òórùn kíkan ògì sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Tìtorí ìgò yìí ni wọ́n ṣe ti obìnrin kan mọ́lé ní àgọ́ ọlọ́pàá Àrámọ̀kọ̀. Firdaus lorúkọ rẹ̀, ìyàwó Kọ́láwọlé, àgbẹ̀ kòkó. Kọ́láwọlé ti bí ọmọkùnrin kan, Olúdayọ̀, kí Firdaus tó wọlé. Ikọ́ ló pa ìyá ọmọ náà. Firdaus ló wá ń tọ́ ọ. Nígbà tó yá, inú Dayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ń rù, oúnjẹ ń rí i sá. Ọjọ́ tí ó kú, ìyá Kọ́láwọlé, Màmá Elizabeth, jókòó sílẹ̀ ní ojú títì, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń kígbe pé ìyàwó ọmọ òun ti fi májèlé pa ọmọ-ọmọ òun. Àwọn aládùúgbò jẹ́rìí sí i. Ojú wọn ni Firdaus ṣe ń fi ìgò rọ omi funfun fún ọmọ náà láràárọ̀. Kí ọlọ́pàá tó dé, wọ́n ti fa aṣọ ya mọ́ ọn lára, wọ́n sì ti sun àpótí ẹrù rẹ̀.

"Màdáàmù, ọ̀rọ̀ ti parí," Sájẹ́ńtì Ìdírísù wí. Àgbà ọlọ́pàá ni, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. "Kò sí májèlé, kò sí ẹjọ́. Ẹ jẹ́ ká tú ọmọbìnrin náà sílẹ̀."

"Bàbá Sájẹ́ńtì, bí a bá tú u sílẹ̀ lónìí, wọ́n á ní ó fowó dí wa lẹ́nu ni. Ọmọ kú. Àfi tí a bá rí ohun tó pa á, ẹnu ayé kò ní í kúrò lára rẹ̀."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ó gbé ìgò náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ògì inú rẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀. Omi tó wà lókè ti ń mọ́ bọ̀. Lójú omi náà gan-an, níbi tó ti kan ara ìgò, ohun kan tò yíká bí eruku.

Adédoyin fẹjú mọ́ ọn. Eruku Èkìtì kò ju pupa lọ. Èyí ní búlúù, ó ní pupa, ó ní funfun.

"Ẹ wá wò ó. Àgbàdo wo ló ní búlúù nínú?"

Ìdírísù wò ó, kò rí i. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó mí kanlẹ̀.

Adédoyin fi etí bébà gbé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ. Ó yọ abẹ́rẹ́ kan lára àpò rẹ̀, ó fi iná ìṣáná sun ún títí ó fi pọ́n, ó sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ náà kan ẹ̀rún búlúù kan. Ẹ̀rún náà kò jó bí igi, kò sì di eérú bí ewé gbígbẹ. Ó ká kò, ó yọ́, ó lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́.

Ìdírísù fa imú. "Ó ń rùn bíi bàtà sílípáàsì tí wọ́n jù síná."

"Ike ni," Adédoyin dáhùn. "Ẹnìkan ti lọ ike kúná, ọmọ yìí sì ti mu ún."

*

Wọ́n mú Firdaus jáde láti àtìmọ́lé. Ó wọ búláòsì tí ẹnìkan fún un, èjìká rẹ̀ yọ síta bí ọ̀pá.

"Jókòó. Kí ló wà nínú ìgò yìí?"

"Omidùn ni, mà. Omi ojú ògì. Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ náà."

"Ta ló kọ́ ẹ láti máa fún ọmọ?"

"Ìyá mi, ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Bí inú ọmọ bá ń ṣí, omidùn là ń fún un. Gbogbo wa la mu ún dàgbà. Dayọ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Á fọwọ́ dí imú, á gbé e mì, á wá ya ẹnu kí n lè rí i pé òun ti mu ún tán."

"Nígbà tí inú rẹ̀ kò dúró ńkọ́?"

"Mo fi kún un." Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. "Bó ṣe ń burú sí i ni mo ń fi kún un."

"Ṣé ìwọ náà mu nínú rẹ̀?"

"Mo máa ń tọ́ ọ wò kí n tó fún un."

"Inú tìẹ ńkọ́?"

"Kò dára, mà. Ó ń lọ́ mi, ó ń wú. Mo ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ nígbà mìíràn."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Obìnrin náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ta ni n bá sọ fún? Bí mo bá ní inú ń run mí, wọ́n á ní májèlé tí mo pò ló ta sí mi lára."

Adédoyin fa àga sún mọ́ ọn. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kíákíá, láìjẹ́ kó sinmi. Kí ni ó ń fi rẹ àgbàdo? Ìkòkò amọ̀ ni. Kí ni ó ń fi sẹ́ ẹ? Aṣọ òwú funfun. Omi wo? Omi kànga ilé. Ṣé ó ń tọ́jú ògì sínú ike? Rárá, ìyá rẹ̀ ní kíkan rẹ̀ máa ń bàjẹ́ nínú ike. Níbo ni ó ti ń lọ̀ ọ́? Ibi ẹ̀rọ ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ náà ni gbogbo àdúgbò ń lò.

"Ṣé ọmọ náà tún lo oògùn mìíràn?"

"Bàbá rẹ̀ ń ra kápúsù fún un, mà. Pupa àti yẹ́lò."

Adédoyin àti Ìdírísù wo ara wọn. Pupa.

*

Nílé Kọ́láwọlé ní Ìdó-Ilé, ọkùnrin náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, irùngbọ̀n ti bò ó lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe béèrè kápúsù, ó lọ gbé sáṣẹ́ẹ̀tì kan wá tí ó ku díẹ̀ nínú.

"Ta ló ní kí ẹ máa fún un?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n fún un. Ohun tí gbogbo ayé ń lò fún inú rírun ni. Tó bá lo kan tán, inú rẹ̀ á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Màá tún ra òmíràn."

Adédoyin ní kí ó bá òun bu omi gbígbóná sínú ife méjì. Ó ju kápúsù kan sínú rẹ̀, ó sì ju díẹ̀ lára ẹ̀rún tó wà nínú bébà rẹ̀ sínú ife kejì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, wọ́n ń wò ó. Kò pẹ́ tí èèpo kápúsù rọ̀, tí ó ń yọ̀ bí ilá, tí ó sì pòórá. Ẹ̀rún inú ife kejì ṣì ń léfòó, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

"Kì í ṣe kápúsù," ó wí.

Wọ́n fa omi kànga, wọ́n dà á sínú abọ́ funfun, wọ́n jẹ́ kó rọlẹ̀. Yanrìn ló rọ̀ sísàlẹ̀; ojú omi mọ́ lóló. Aṣọ tí Firdaus fi ń sẹ́ ògì ṣì wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó ká a láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Adédoyin nà án síwájú oòrùn. Láàárín òwú àti òwú, ó rí i: búlúù, pupa, funfun, bí ẹni gún ìlẹ̀kẹ̀ lódó.

"Ṣáájú kó tó dé orí aṣọ ló ti wọ inú ògì," ó wí. "Kò sí nínú omi, ìkòkò kò sì ní irú àwọ̀ yìí. Ó ku ẹ̀rọ."

Ìdírísù mi orí. "Màdáàmù, ẹ má bínú. Gbogbo àdúgbò ló ń lo ẹ̀rọ Màmá. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, gbogbo àdúgbò ni ìbá ti kú."

Òótọ́ ni, ó sì dun Adédoyin pé òótọ́ ni. Ó dúró sẹ́bàá okùn aṣọ, ó ń jẹ ètè. Níkẹyìn ó ní, "Bàbá Sájẹ́ńtì, ẹ wọ aṣọ ilé, ẹ lọ kí àwọn ènìyàn yín, àwọn Mùsùlùmí tí ń gbé nítòsí ẹ̀rọ náà. Ẹ kàn bá wọn ṣeré. Ẹ bi wọ́n bí inú ọmọ wọn ṣe rí, kí ẹ sì bi wọ́n ìgbà tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Èmi ń lọ sí Adó."

*

Dókítà Sarah ló tọ́jú Dayọ̀ ní ọjọ́ tó lò kẹ́yìn láyé, òun náà ló yẹ òkú rẹ̀ wò. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Ó gba bébà ẹ̀rún náà, ó gbé e sábẹ́ awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú kò tó, ó wò ó títí.

"Irú èyí wà nínú ìgbẹ́ ọmọ náà," ó wí. "Mo rí i. Mo rò pé ó ti ọwọ́ wa bọ́ sí i ni, láti ara abọ́ tí a fi gbà á." Ó pa iná awò náà. "Ó yẹ kí n ti béèrè nígbà náà."

"Ṣé ike lè pa ènìyàn, dókítà?"

"Ẹ jókòó. Inú ìfun wa, àwọn kòkòrò kan ń gbé ibẹ̀ tí a kò lè fi ojú rí. Wọ́n pọ̀ ju irun orí lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe wá lóore. Wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọ́n ń dáàbò bo ara ìfun, wọ́n sì ń gba ààyè mọ́ àwọn tó lè pa wá lára lọ́wọ́. Nígbà tí mo yẹ ti Dayọ̀ wò, àwọn rere ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn burúkú ti gba ilé. Ara ìfun rẹ̀ pọ́n, ó wú, ó bó níbi púpọ̀."

"Ike ló ṣe é?"

"Ẹ̀rún ike a máa ha ìfun. Kòkòrò burúkú a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn, á fi ṣe ibùgbé. Wọ́n ti fi ẹ̀mọ́ àti eku ṣàyẹ̀wò rẹ̀: àwọn rere ń dín kù, ìfun ń wú. Ti ènìyàn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí rẹ̀ ni. Gbogbo wa la ń jẹ ẹ̀rún ike díẹ̀díẹ̀, èmi àti ẹ̀yin, láti inú omi ọ̀rá, láti inú oúnjẹ. Ṣùgbọ́n irú èyí tó pọ̀ tó yìí nínú ọmọ kan ṣoṣo, mi ò rí i rí."

"Ọmọ náà lo kápúsù léraléra."

Dókítà Sarah di ojú. "Kápúsù kò mọ rere yàtọ̀ sí burúkú. Gbogbo wọn ló ń pa. Ìwọ̀nba rere tó ṣẹ́ kù, bàbá rẹ̀ ló fi owó ara rẹ̀ ra ohun tó pa wọ́n."

"Omidùn ńkọ́?"

"Omidùn fúnra rẹ̀ dára. Ó kún fún kòkòrò rere. Bó bá mọ́ ni, ì bá ràn án lọ́wọ́." Ó fi ìka kan bébà náà. "Ṣùgbọ́n irú ike yìí fúyẹ́ ju omi lọ. Bí ògì ti ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀, ike ń gòkè bọ̀. Ojú omi ló ń kó jọ sí, ojú omi náà sì ni wọ́n ń bù fún ọmọ."

Adédoyin wo bébà náà. Ó ń rí ọmọ kan tó fọwọ́ dí imú.

"Dókítà, bí adájọ́ bá bi yín pé kí ló pa á?"

"Ìgbẹ́ gbuuru tó gba omi ara rẹ̀ tán ló pa á. Ìyẹn ni n ó fi búra. Ohun tó ṣílẹ̀kùn fún ìgbẹ́ náà, mo ní èrò lórí rẹ̀. Mi ò lè fi èrò búra."

*

Ìdírísù ń dúró dè é lábẹ́ igi ní Ìdó-Ilé, ó wọ jalabíà àti fìlà. "Inú àwọn ọmọ mélòó kan ti dà rú," ó wí, "ṣùgbọ́n ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò dá wọn dùbúlẹ̀. Ohun kan ló yà mí lẹ́nu. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ náà sọ pé ọjọ́ Sọ́ńdè ni ariwo rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, láàárọ̀, nígbà tí gbogbo àwọn Kìrìsítẹ́ẹ́nì bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ariwo náà kò dà bí ti àgbàdo. Ó ń ta pàpàpà bí ẹni ń fọ́ egungun."

Adédoyin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ẹ pe Kọ́láwọlé kí ó pàdé wa níbẹ̀."

Ilé ẹ̀rọ Màmá Elizabeth wà létí títì. Màmá jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú. Dúrójayé, ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, ń da epo sínú ẹ́ńjìnì.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Màmá."

"Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ṣé ẹ ti ṣe tán tí ẹ ó gbé apààyàn yẹn lọ sílé ẹjọ́?"

"A ti ń parí rẹ̀ bọ̀. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ràn Dayọ̀ púpọ̀."

"Ta ni kò mọ̀?" Omi lé ròrò sójú arúgbó náà. "Ọmọ ulé mi ni, ọmọ ọkàn mi ni. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú ni mo ti pàṣẹ níbí: láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àgbàdo sí ẹ̀rọ yìí, ti Dayọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ̀. Ẹni tó bá tò láti ìdájí ì báà bínú kú. Ẹ bi Dúrójayé. Ta ló ń tò ṣáájú ọmọ onílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Dúrójayé dáhùn, kò wẹ̀yìn.

Adédoyin sún mọ́ ẹ̀rọ náà. "Ẹ bá mi tú u."

"Tú kí ni?"

"Irin eléyín tó ń lọ àgbàdo nínú rẹ̀. Ẹ mú sípánà."

Dúrójayé mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Nígbà tí irin náà jáde, Adédoyin fi ẹnu abẹ́rẹ́ wa àárín eyín rẹ̀. Ohun búlúù kan tó ti yọ́, tó sì ti gan mọ́ irin, jáde bíi ti ìdọ̀tí abẹ́ èékánná.

"Abọ́ oníbàárà kan ló já sínú ẹ̀rọ, mà," Dúrójayé wí kíákíá. "Abọ́ búlúù. Ẹ̀rọ gbé e mì kí n tó lè pa á."

"Ó dára. Búlúù, abọ́ ni." Adédoyin tún wa ibòmíràn. "Pupa yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn... bóyá ìdérí..."

"Funfun yìí ńkọ́? Abọ́ mélòó ni ẹ̀rọ yín ti jẹ?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu sípánà.

"Dúrójayé, ní Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàdo ta ni ẹ̀rọ yìí ń lọ̀?"

Dúrójayé gbé sípánà sílẹ̀. Ó wo Màmá. "Màmá mọ̀ sí i," ó wí.

"Mo mọ̀ sí kí ni?" Màmá Elizabeth fọ̀n sókè. "Mo mọ̀ sí ike! Kí ló burú níbẹ̀? Ọkùnrin kan ń kó àga tó ti fọ́ àti kéèsì ọtí wá, a ń bá a rún un kó lè rọrùn láti kó lọ. Mo jí ti ta? Ike kì í ṣe májèlé. Ṣé kì í ṣe inú ike ni gbogbo yín ń jẹun? Ṣé kì í ṣe ọ̀rá lẹ fi ń mu omi?"

"Kò sẹ́ni tó ní ẹ jalè, Màmá." Adédoyin kò gbé ohùn sókè. Dúrójayé ló kọjú sí. "Tí ẹ bá rún ike tán, báwo lẹ ṣe ń fọ ẹ̀rọ?"

"A kì í fi omi fọ̀ ọ́, mà. Yóò dípẹtà."

"Báwo ni ike ṣe ń kúrò nínú rẹ̀?"

"Àgbàdo tó bá kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ ló máa ń gbá a jáde. Tí èyí bá ti lọ tán, àwọn tó tẹ̀ lé e máa ń mọ́ díẹ̀."

Ó sọ ọ́ tán kí ó tó gbọ́ ohun tí òun sọ.

Obìnrin kan ní òdìkejì títì ń pe ewúrẹ́ rẹ̀. Ọ̀kadà kan kọjá. Ọwọ́ Màmá Elizabeth bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò dì mú lórí àpótí.

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀," Adédoyin wí fún Dúrójayé, "o sì ń fi ti ọmọ náà ṣe àkọ́kọ́ ní gbogbo Mọ́ńdè?"

"Màmá ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ṣáájú ọmọ náà. Mo fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ lọ nígbà kan, wọ́n fi igi nà mí lẹ́yìn. Èmi náà kò mọ̀ pé ike ń pa ènìyàn, mà. Mo rò pé ó kàn máa ń bá ìgbẹ́ lọ ni."

Màmá Elizabeth tún sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá, mo bẹ̀ yín. Ẹ má sọ fún Kọ́láwọlé."

Adédoyin kò dá a lóhùn. Ó kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọ́láwọlé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di òpó ilẹ̀kùn mú, ó sì ti pẹ́ tó ti dúró síbẹ̀.

*

Amòfin ìjọba ka ọ̀rọ̀ náà, ó sì mi orí. Kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò gbà pé ẹ̀rún ike ló pa ọmọ tí dókítà fúnra rẹ̀ kò lè búra sí i. Bíba oúnjẹ ará ìlú jẹ́ nìkan ni wọ́n lè fi kan Màmá Elizabeth àti Dúrójayé. Wọ́n san owó ìtanràn, wọ́n sì lọ sílé. Wọn kò rí ọkùnrin tó ń kó ike wá. Orúkọ tí ó fún wọn kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ pa. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn àgbà àdúgbò ti wá sí Àrámọ̀kọ̀ láti bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe fún Firdaus, fún ẹ̀rọ ni. Adédoyin ṣàlàyé fún wọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀kan nínú wọn ní, "A gbọ́, ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹ fẹ́ ká ti máa lọ ata?" Wọ́n ra irin tuntun sí i, wọ́n sì ṣí i padà.

Ọjọ́ tí wọ́n tú Firdaus sílẹ̀, Adédoyin pè é wọ ọ́fíìsì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ó rò pé yóò sunkún. Kò sunkún.

"Mà, bí mi ò bá fún un ní omidùn yẹn, ṣé ì bá wà láàyè?"

"Ìwọ kọ́ lo pa á, Firdaus."

"Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Adédoyin ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn. Ó wo tábìlì. "Mi ò mọ̀," ó wí. "Dókítà náà kò mọ̀. Lọ rí i ní Adó kó yẹ inú tìẹ wò. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ."

Firdaus dìde, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Kọ́láwọlé ń dúró lábẹ́ oòrùn níwájú àgọ́. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó mú ìpéèlé tuntun kan dání nínú ọ̀rá. Bí ó ti rí i, ó fẹ́ gbá a mọ́ra. Firdaus fà sẹ́yìn.

"Màmá ní kí o máa bọ̀ nílé," ọkùnrin náà wí. "Wọ́n fẹ́ bẹ̀ ọ́. Wọ́n ní nínú yàrá, kí ó jẹ́ láàárín àwa mẹ́ta."

"Ojú títì ni wọ́n ti pè mí ní apààyàn."

"Arúgbó ni wọ́n, Firdaus. Ojú ń tì wọ́n. Wọn kò jẹun láti ọjọ́ yẹn. Kí wọ́n tún wá jáde sójú títì?" Ó na ọ̀rá náà sí i. "Èmi mọ̀ pé o kò ṣe é."

"Ìgbà wo lo mọ̀ ọ́n?"

Kọ́láwọlé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ẹnu ọ̀rá náà.

"Bó bá jẹ́ pé o ti mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ń ya aṣọ mọ́ mi lára," Firdaus wí, "o dúró síbẹ̀, mo rí ẹ. O ò sọ nǹkan kan. Bó bá sì jẹ́ pé ọlọ́pàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ, kí ni mo ń bá ẹ lọ sílé ṣe?"

Ó na ọwọ́ dá ọ̀kadà tó ń bọ̀ dúró. "Òkè-Ìmẹ̀sí," ó wí. Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú, wọ́n sì lọ.

Kọ́láwọlé yíjú wo Adédoyin lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, bí ẹni pé ó fẹ́ kó bá òun wá èsì ọ̀rọ̀ náà. Adédoyin wò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.